Ta Ni À Ń Pè Ní "Àwa"? Ọ̀rọ̀ Súìtì àti Bọ́ọ̀lù fún Ìparí Ọ̀sẹ̀

Ẹ mọ̀ pé ojú ìwé yìí kì í gbé ọ̀rọ̀ tó wúwo ka iwájú yín lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ nípa owó ilé ìwé àti iye tí wọ́n ń ta ìrẹsì, kó ní sùúrù di ọjọ́ Ajé. Lónìí, nǹkan méjì péré ló wà nínú àwo wa: súìtì àti bọ́ọ̀lù.

Bí ẹ bá rò pé àwọn méjèèjì ò tan mọ́ ara wọn, ẹ fara balẹ̀. Ní ilé ìwòran àdúgbò, níbi tí wọ́n ti ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà, ẹnì kan máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú àtẹ. Súìtì wà níbẹ̀, gùgúrù wà níbẹ̀, ẹ̀pà wà níbẹ̀, omi inú ọ̀rá wà níbẹ̀. Òun kì í wo tẹlifíṣọ̀n, síbẹ̀ ó máa ń mọ bí nǹkan ṣe ń lọ nínú ilé. Bí ariwo bá sọ, ọjà rẹ̀ á tà. Bí gbogbo ilé bá pa rọ́rọ́, á rọra máa to súìtì rẹ̀ padà sójú kan.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi orúkọ bẹ̀rẹ̀, nítorí iṣẹ́ èdè la kọ́, ọ̀rọ̀ kì í sì í kọjá létí wa ká má fà á wò. Yorùbá tó wà ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Ìlọrin, súìtì ló ń pè é. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kánò á gbọ́ "alewa" lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ Haúsá tó ti inú èdè Lárúbáwá wá. Ẹ dé Accra, tọ́fì ni, ì báà le bí òkúta, ì báà rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ẹ dé Kútọnu, Lomé tàbí Abidjan, "bonbon" ni. Ẹni tó bá rin ọ̀nà náà láti Kánò gba Ìbàdàn dé Abidjan á ti yí orúkọ ohun kan ṣoṣo padà nígbà mẹ́ta mẹ́rin, adùn rẹ̀ ò sì ní yí padà lẹ́nu rẹ̀.

Àwa tí a ti lé lọ́gbọ̀n ọdún ò lè gbàgbé bàbá dúdú, èyí tí wọ́n fi omi tí wọ́n fún lára àgbọn àti ṣúgà sè títí tó fi dúdú, tí wọ́n wé sínú ọ̀rá. A ò lè gbàgbé gúrúndì, a ò sì lè gbàgbé dọ́ńkùwà tó ń ta lẹ́nu bó ti ń dùn. Ṣùgbọ́n ohun tí a rántí jù ni bí a ṣe ń pín súìtì kan ṣoṣo sí mẹ́ta. Kò sí ọ̀bẹ. Ẹnì kan á fi etí aṣọ rẹ̀ wé e, á kó o sáàárín eyín, á fọ́ ọ. Lẹ́yìn náà á tú aṣọ, gbogbo wa á na ojú sí i. Òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀: ẹni tó fọ́ ọ ló máa mú kẹ́yìn, kó má baà fi ọgbọ́n fọ́ èyí tó tóbi fún ara rẹ̀. Àwọn ìyá wa á wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tó lẹ̀ mọ́ etí aṣọ.

Ọ̀rọ̀ tọ́fì yẹn ló gbé wa dé ìlú Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kíláàbù ńlá méjì ló wà níbẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ èyí tí orúkọ ìlú wà lára rẹ̀. Èkejì ni Everton, ìnagijẹ wọn sì ni "The Toffees", ìyẹn Àwọn Tọ́fì. Ẹgbẹ́ mìíràn ń jẹ́ Idì, òmíràn ń jẹ́ Kìnnìún, tiwọn ń jẹ́ súìtì. Kò sì tì wọ́n lójú.

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Láti ọ̀rúndún kejìdínlógún ni àdúgbò Everton ti lókìkí fún tọ́fì tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Molly Bushell ń tà. Ní ọdún 1879, hòtẹ́ẹ̀lì kan ní àdúgbò yẹn ni wọ́n ti jókòó tí wọ́n fún kíláàbù náà ní orúkọ Everton, ìsọ̀ tọ́fì sì wà nítòsí ibẹ̀. Nígbà tó di 1892, kíláàbù náà kúrò ní Anfield, ó kó lọ sí Goodison Park. Ìtàn tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ ni pé oníbàárà ìyá alátọ́fì àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá lọ sọ́dọ̀ ìyá mìíràn, tí ìsọ̀ tirẹ̀ súnmọ́ pápá tuntun. Wọ́n ní ìyá kejì yìí ló ṣe súìtì mínti onílà dúdú àti funfun tí wọ́n ń pè ní Everton Mint. Ìyá àkọ́kọ́ ò lọ bá a jà, kò sì ká àtẹ rẹ̀ nílẹ̀. Ó wọ aṣọ tó dára fún ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó gbé agbọ̀n lé e lọ́wọ́, ó ní kó wọ inú pápá kó lọ máa pín tọ́fì fún èrò kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀.

Bó rí bẹ́ẹ̀ gan-an ni o, tàbí wọ́n ti bu iyọ̀ sí i, àṣà náà fìdí múlẹ̀. Ó di pé kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù nílé wọn, ọ̀dọ́mọbìnrin kan á gbé agbọ̀n, á yí pápá ká, á máa sọ súìtì mínti sí àwọn tó jókòó. Ní 2025, ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin wọn fi Goodison sílẹ̀ lọ sí pápá tuntun létí omi, ìnagijẹ náà sì bá wọn lọ. Súìtì mínti onílà dúdú àti funfun, ẹ gbọ́ o. Ẹ yọ TomTom tó wà nínú àpò yín wò, kí ẹ sọ fún wa bóyá kò jọ ọ́.

Ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà ló di ọmọ ẹgbẹ́ Everton nítorí Daniel Amokachi, ọmọ wa tó dé ibẹ̀ ní 1994. Ní oṣù Kẹrin 1995, nínú ìpele tó kángun sí àṣekágbá FA Cup, Everton ń bá Tottenham gbá a. Amokachi wọlé kí akọ́nimọ̀ọ́gbá, Joe Royle, tó pàṣẹ pé kó wọlé. Ó jẹ gòólù méjì, Everton borí pẹ̀lú 4–1. Lóṣù tó tẹ̀lé e, wọ́n na Manchester United, wọ́n gba ife náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Joseph Yobo dé, Yakubu Ayegbeni dé, Alex Iwobi dé. Àwọn ilé kan wà tí bàbá ti ń ti Àwọn Tọ́fì lẹ́yìn láti ìgbà Amokachi, tí ọmọ rẹ̀ náà ń tì wọ́n lẹ́yìn dòní, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ti rí Liverpool rí.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu wa nísinsìnyí: "ọmọ wa". Amokachi ò jẹun nílé wa rí. Kò mọ orúkọ wa. Síbẹ̀, bó ti jẹ gòólù, ó di ọmọ wa. Nínú gbogbo ohun tí olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ń sọ, ọ̀rọ̀ tó kéré jù ló ń yà wá lẹ́nu jù: "a" àti "wọ́n".

Ẹ rántí ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2025, nígbà tí Super Falcons bá Morocco pàdé ní Rabat, nínú àṣekágbá ìdíje àwọn obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà. Kí wọ́n tó lọ sinmi, Morocco ti jẹ méjì, àwa ò tíì jẹ nǹkan kan. Nínú yàrá tí a ti ń wò ó, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni: "Wọn ò sáré. Wọn ò fún ara wọn ní bọ́ọ̀lù. Kí ló ṣe wọ́n gan-an?" Nígbà tí Esther Okoronkwo gbá pẹnáríti wọlé, ẹnì kan ní, "Ó ku ẹyọ kan." Folashade Ijamilusi jẹ ìkejì, ohùn yí padà: "A ti dé o!" Nígbà tó fi máa di ìṣẹ́jú 88 tí Jennifer Echegini jẹ ìkẹta, kò sí "wọn" mọ́ nínú ilé. "A ti gbà á! Ìkẹwàá wa nìyí!" Ẹni tó ti kó àwo lọ sí ilé ìdáná, tó ti ní òun ò wò mọ́, òun náà ti gba ife.

Kì í ṣe àwa nìkan ló ń ṣe é. Ní ọdún 1976, Robert Cialdini, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n wo aṣọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń wọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Bí ẹgbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ náà bá borí ní ìparí ọ̀sẹ̀, aṣọ tó ní orúkọ ilé ẹ̀kọ́ máa ń pọ̀ lọ́rùn wọn ju ìgbà tí ẹgbẹ́ bá fìdí rẹmi. Wọ́n tún pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí fóònù pé kí wọ́n ròyìn ìdíje fáwọn. Nínú ìròyìn ìṣẹ́gun, "a" pọ̀ lẹ́nu wọn. Nínú ìròyìn ìjákulẹ̀, ó dín kù. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí lọ fi fóònù wá, ìyá alátẹ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòran ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Èdè wa ò sì ràn wá lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn Fúlàní ní "àwa" méjì nínú èdè wọn. "Enen" ni àwa tí ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. "Minen" ni àwa tí kò sí nínú rẹ̀. Bí Fúlàní bá ti la ẹnu, ẹ ti mọ̀ bóyá ẹ wà nínú ilé tàbí ẹ wà ní ìta. Yorùbá ò ní irú ìyẹn. "Àwa" kan ṣoṣo la ní. Bí bàbá bá jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n tó ní, "Àwa la ni ín lónìí," ìyàwó tó ń ti ẹgbẹ́ kejì lẹ́yìn ò lè mọ̀ láti inú ọ̀rọ̀ yẹn bóyá òun ṣì wà nínú "àwa" ilé yìí. Ọmọ tó wà láàárín àwọn méjèèjì ò lè mọ̀. Ìwà tí a bá hù lẹ́yìn ìdíje ló máa sọ ọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dun ni jù, lójú tiwa, ni Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹni tó bá mọ Èjìgbò mọ̀ pé ìlú náà àti Abidjan ti di ilé kan náà. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Èjìgbò ti ń ṣòwò ní Côte d'Ivoire. Àwọn tí wọ́n bí sọ́hùn-ún pọ̀. Bọ́ọ̀sì ń ti Èjìgbò lọ sí Abidjan, ẹ sì lè gbọ́ èdè Faransé ní Èjìgbò bí ẹni pé Kútọnu lẹ wà. Nígbà tó wá di ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2024, Nàìjíríà àti Côte d'Ivoire pàdé ní Abidjan nínú àṣekágbá ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Troost-Ekong fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé ní ìṣẹ́jú 38. Kessié dá a padà ní ìṣẹ́jú 62. Haller jẹ ìkejì ní ìṣẹ́jú 81. Ó parí sí 2–1, ife dúró sí Abidjan.

Ẹ fi ara yín sípò ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí ìlú yẹn. Ibẹ̀ ni ilé ìwé rẹ̀ wà, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà, Èjìgbò sì ni bàbá rẹ̀ àgbà wà. Aláwọ̀ ọsàn ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ̀ lọ síta, aláwọ̀ ewé ni bàbá rẹ̀ wọ̀ nínú ilé. Ta ni kó pè ní "àwa"? Nígbà tí Troost-Ekong jẹ gòólù, bí ọmọ náà bá dákẹ́, ṣé ó ti ṣẹ̀ ni? Nígbà tí Haller jẹ tirẹ̀, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kúrò nílẹ̀ kó tó rántí, ṣé ó ti kọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ ni? A máa ń gbọ́ kí àwọn àgbà bi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé, "Ìwọ gan-an, ta lò ń tì lẹ́yìn?" Ẹ̀fẹ̀ ni létí àgbà. Létí ọmọ, ó jọ ẹjọ́.

Kì í ṣe ọmọ Èjìgbò nìkan. Yorùbá tó wà ní Kétu, ní Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, Guépards ni "àwa" tirẹ̀ lọ́jọ́ tí Bẹ̀nẹ̀ bá pàdé Nàìjíríà, Yorùbá sì ni bí àwa ti jẹ́ Yorùbá. Yorùbá tí wọ́n bí sí Accra mọ ohun tí à ń sọ. Ọ̀kan nínú àwọn ohun tí àwa ń bẹ̀bẹ̀ fún lónìí ni pé kí ẹ má ṣe bi ọmọ tó ní ilé méjì pé kó mú ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kó yọ̀ fún ẹni tó bá borí, kó bá ẹni tí kò borí kẹ́dùn. Kò sí ọmọ mìíràn ní àdúgbò tó rí àǹfààní yẹn.

"Àwa" tí kò bá ní àyè fún ẹlòmíràn máa ń kan. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2022, Nàìjíríà àti Ghana gbá ọ̀mì 1–1 ní Àbújá, gòólù tí Ghana jẹ nílé wa ló sì gbé wọn lọ sí ife ẹ̀yẹ àgbáyé. Àwọn olólùfẹ́ tiwa ya wọ inú pápá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ba nǹkan jẹ́. Pápá tiwa, àga tiwa. Ẹni tó na ara rẹ̀ nítorí pé àlejò borí, ta ló na?

Ó tún lè burú ju ìyẹn lọ. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2024, ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ti Abidjan, Nàìjíríà bá South Africa pàdé ní Bouaké. Ó ti fẹ́ parí, Nàìjíríà ń borí pẹ̀lú 1–0. Osimhen jẹ ìkejì, gbogbo ilé hó. Kí ariwo tó rọlẹ̀, réfirì ti lọ wo fídíò. Ó fagi lé gòólù náà, ó fún South Africa ní pẹnáríti, wọ́n gbá a wọlé. Nígbà tó yá, Stanley Nwabali mú pẹnáríti méjì, Nàìjíríà sì kọjá. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé ìròyìn gbé e pé àwọn kan ṣubú lulẹ̀ nídìí tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọn ò sì dìde mọ́. Àwọn ẹbí wà tí kì í ṣe Nwabali ni wọ́n ń rántí bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ Bouaké. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá wa àti ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra, ẹ má ṣe gbàgbé oògùn lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù. Bí àyà bá ń já jù, ẹ dìde, ẹ jáde síta, ẹ bá ìyá alátẹ sọ̀rọ̀. Ọmọ yín á wá sọ iye tó jẹ́ fún yín.

Ohun kan tún wà tó ń jẹ "àwa" bí ikán. Tẹ́tẹ́ ni. Ẹ fetí sí ọ̀dọ́ tó ti fi owó sí ìdíje, ẹ máa gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti yí padà. Kì í sọ pé "a ti borí" mọ́. "Mo ti jẹ ẹ́" ló ń sọ, tàbí "Wọ́n ti gé tíkẹ́ẹ̀tì mi." Ó ń wo ẹgbẹ́ tí kò fẹ́ràn rí, ó ń gbàdúrà kí ẹgbẹ́ tó ti ń tì lẹ́yìn láti kékeré má jẹ gòólù kẹta. Níbi tí gbogbo ilé ti ń hó, òun nìkan ló dijú. Bí ẹ bá rí i pé ọmọ yín ń yọ̀ nígbà tí kò yẹ, tàbí tó ń sunkún nítorí ẹgbẹ́ tí ẹ ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ẹ rọra pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ bi í léèrè. Ẹ má ṣe pariwo lé e lórí. Ẹ kàn bi í.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí súìtì, nítorí ibẹ̀ ni a ti rí oògùn rẹ̀. Yorùbá ti mọ ohun tí adùn wà fún kí ẹnikẹ́ni tó wé e sínú ìwé. Níbi ìkómọjáde, ẹ rántí ohun tó máa ń wà nínú àwo: oyin, iyọ̀, ìrèké tàbí ṣúgà, ní ibòmíràn àádùn. Wọ́n á fi ṣàdúrà fún ọmọ, ìyá á tọ́ ọ wò, bàbá á tọ́ ọ wò, lẹ́yìn náà àwo á bẹ̀rẹ̀ sí í yí ká. Á dé ọ̀dọ̀ àna, á dé ọ̀dọ̀ ará àdúgbò, á dé ọ̀dọ̀ àlejò tó kàn ń kọjá lọ tó gbọ́ orin. Kò sí ẹni tó ń bi í pé ẹbí ta ni. Ẹnu tó bá ti tọ́ ọ wò ti di ara "àwa" ọmọ yẹn. (Àwọn dókítà ti kìlọ̀ pé kí a má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ìyá bá a tọ́ ti oyin wò.) Àwọn àgbà sì ní dídùn ló dùn tí à ń bá ọ̀rẹ́ jẹ ẹ̀kọ, kì í ṣe pé ẹ̀kọ tán nílé ẹni.

Ìyẹn la ṣe ń dá àbá díẹ̀ fún ilé tí ẹgbẹ́ méjì tàbí mẹ́ta wà nínú rẹ̀, bíi tiwa.

Èkíní, ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá borí ni kó ra súìtì fún ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fìdí rẹmi. Nílé wa, a ti ń ṣe é. Kì í ṣe owó rẹpẹtẹ. Ẹni tó borí á pín in kiri fúnra rẹ̀, á mú kẹ́yìn, bí ẹni tó fi etí aṣọ fọ́ ọ láyé àtijọ́. Ó ṣòro kí èèyàn fi ẹnì kan ṣe yẹ̀yẹ́ kó tún máa bọ́ ìwé súìtì fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sì ṣòro kí ẹni tí súìtì wà lẹ́nu rẹ̀ máa bínú lọ títí.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ "a" lẹ́nu yín lọ́jọ́ ìjákulẹ̀. Ẹ sọ ọ́ ketekete: "A ò ṣe dáadáa lónìí. Wọ́n nà wá." Ọmọ tó bá gbọ́ ìyẹn lẹ́nu bàbá rẹ̀ á mọ̀ pé nílé yìí, a kì í kọ ẹni tó bá ṣubú. Lọ́jọ́ tí èsì ìdánwò tirẹ̀ ò bá dára, á lè gbé e wálé. Àmọ́ bó bá ti ń gbọ́ pé ìgbà ìṣẹ́gun nìkan là ń jẹ́ "àwa", tí ìgbà ìjákulẹ̀ ń sọ èèyàn di "wọn", abẹ́ ibùsùn ni ìwé èsì yẹn máa wà.

Ẹ̀kẹta, ẹ ṣọ́ra fún ọmọ kékeré. Súìtì líle ò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin rárá, pàápàá lọ́jọ́ tí gbogbo ilé lè fò sókè lójijì. Ó lè há a lọ́nà ọ̀fun. Ẹ fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n dáadáa, òun náà dùn. Ní ti àwa àgbà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2015 pé yóò dára bí ṣúgà tí a ń fi kún oúnjẹ àti ohun mímu ò bá ju nǹkan bíi gíráàmù 25 lọ lóòjọ́, ìyẹn ṣíbí tíì mẹ́fà. Nítorí náà, ẹyọ kan lẹ́yìn ìdíje, kì í ṣe páálí kan. Kí gbogbo yín sì fọ eyín kí ẹ tó sùn, ẹ̀yin tí ẹ borí àti ẹ̀yin tí ẹ ò borí.

Ìparí ọ̀sẹ̀ ti dé. Ní ọ̀pọ̀ ilé, aṣọ ẹgbẹ́ ti wà lórí okùn, ó ń gbẹ. Kí iná má lọ nígbà tí ó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí íntánẹ́ẹ̀tì má dúró lẹ́nu pẹnáríti. Kí ìyá alátẹ tajà. Ẹ bá wa kí àwọn ará Èjìgbò, ti ilé àti ti Abidjan, kí ẹ sì kí àwọn olólùfẹ́ Àwọn Tọ́fì tí wọ́n ti ń ní sùúrù láti 1995.

Ó di ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ o. Ẹ ra súìtì kún súìtì, ẹ ò mọ ẹgbẹ́ tó máa borí.